Ìṣubú kékeré ló dá Màmá lọ́wọ́: ṣé calcium nìkan ló kù?

Obìnrin kan láti Ẹ̀pẹ́ ló kọ̀wé pé: “Ìyá mi ti pé ọmọ ọdún 63, ẹja ló ń tà ní ọjà Olúwo. Lóṣù tó kọjá, omi ẹja yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tilẹ̀, ọrùn ọwọ́ sì kán. Wọ́n ti fi POP sí i ní ọsibítù. Ó ya gbogbo wa lẹ́nu torí ìṣubú náà kò tó nǹkan. Aládùúgbò wa kan ní eegun rẹ̀ ló ti gbẹ, pé ká máa ra calcium fún un. Orúnkún ti ń dùn ún tipẹ́, ó sì ń lo kápúsù aromọléegun kan tí wọ́n ń gbé wá sọ́jà. Ó ní òun ló ń jẹ́ kóun lè dìde láàárọ̀. Ọmọ ọdún 44 ni nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ dúró. Ṣé calcium ti tó? Ṣé orúnkún tó ń dùn ún yẹn ni eegun gbígbẹ náà? Ṣé kó fi ọjà sílẹ̀, kó jókòó sílé?”

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Calcium nìkan kò tó, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kápúsù ọjà yẹn ń ba nǹkan jẹ́ ju àìtó calcium lọ. Màá dé orí rẹ̀ láìpẹ́. Ohun tó ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín kì í ṣe ọrùn ọwọ́ tó kán. Ìyẹn ti wà nínú POP, ó sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 6, á sì jinná. Eegun tó lè tẹ̀ lé e ni mò ń rò. Bí ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ bá ṣubú, tí kò já láti orí àkàsọ̀, tí ọkọ̀ kò gbá a, eegun tó lágbára kì í sábà kán. Bó bá kán lára ẹni tó ti lé ní 50 ọdún, àwọn dókítà kì í kà á sí àgbákò lásán. Wọ́n máa ń fura sí osteoporosis títí àyẹ̀wò á fi sọ nǹkan mìíràn. Osteoporosis ni pé eegun ti fẹ́lẹ́, inú rẹ̀ ti di ihò-ihò, débi pé ohun tí kò yẹ kó ṣẹ́ ẹ ń ṣẹ́ ẹ. Ọrùn ọwọ́ ló sábà ń ṣáájú, torí ẹni tó wà ní nǹkan bí 50 sí 60 ọdún ṣì yára tó láti fi ọwọ́ gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Eegun ẹ̀yìn ń tẹ̀ lé e, tó máa ń wó sínú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọrùn eegun itan lẹ́bàá ìbàdí, èyí tó ń kán lára àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá mọ́, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń balẹ̀. Bí wọ́n bá tú POP yẹn, tí gbogbo yín sì gbàgbé, ẹ ti lé ońṣẹ́ padà láìgbọ́ iṣẹ́ tó wá jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ya orúnkún sọ́tọ̀. Aromọléegun la ń pe gbogbo ohun tó bá ń ro ni lápá ibi tí eegun wà, orúkọ yẹn ló sì kó ìdàrúdàpọ̀ wá. Osteoporosis fúnra rẹ̀ kì í ro èèyàn. Kì í wú, kì í dún bí èèyàn bá ń dìde. Èèyàn lè gbé e kiri fún ọdún 15 láìmọ̀, títí eegun á fi kán. Orúnkún tó ń dun Màmá, tó ń le láàárọ̀, jọ oríkèé tó ti jẹ: ohun yíyọ̀ tó bo orí eegun níbi tí eegun méjì ti pàdé ló ti tán lọ díẹ̀díẹ̀. Èèyàn lè ní méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì. Calcium kò ní wo orúnkún, ìpara orúnkún kò sì ní mú eegun le.

Bẹ́ẹ̀ náà ni “eegun gbígbẹ” ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, wọ́n á rò pé omi tàbí òróró kan ló tán nínú eegun. Ohun alààyè ni eegun, iṣẹ́ kò sì dáwọ́ dúró nínú rẹ̀. Ẹ wo àwọn tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe létí ọ̀sà: wọ́n á yọ pákó tó ti jẹrà, wọ́n á fi tuntun dí ojú rẹ̀, ọkọ̀ á sì padà sómi. Báyìí gan-an ni nínú eegun wa lójoojúmọ́. Àwọn kan ń fọ́ ibi tó ti gbó, àwọn kan ń mọ tuntun. Títí di nǹkan bí ọmọ ọdún 25 sí 30, àwọn tó ń mọ ló ń yára jù, ìgbà yẹn sì ni eegun ń le jù láyé ẹni. Tó bá yá, àwọn tó ń fọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣíwájú. Họ́mọ̀nù obìnrin tí wọ́n ń pè ní estrogen ló ń kó àwọn tó ń fọ́ yìí níjàánu. Bí nǹkan oṣù bá dúró, estrogen á já wálẹ̀, ìjánu á tú. Láàárín ọdún 5 sí 7 àkọ́kọ́, obìnrin lè pàdánù tó ìdá kan nínú márùn-ún eegun rẹ̀. Ìta eegun ṣì ń dán, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dà bí àwọ̀n tí wọ́n hun wẹ́wẹ́, okùn ibẹ̀ á sì máa já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sídìí ẹja mọ àwọ̀n tí okùn ti ń já lára rẹ̀: ó ṣì jọ àwọ̀n, àmọ́ kò lè gbé ẹja ńlá mọ́.

Ti Màmá ti bẹ̀rẹ̀ láti 44. Kí nǹkan oṣù dúró kí obìnrin tó pé 45 wà lára ohun tó ń fa osteoporosis jù, torí ọdún tí eegun ń lò láìní estrogen á pọ̀. Ọdún 19 rèé fún un. Bí dókítà kò bá bèèrè, ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́. Ẹ tún sọ bí ìyá tàbí bàbá tó bí Màmá bá kán ní ìbàdí rí, bó bá tín-ín-rín gan-an, bó bá ń mu sìgá tàbí ọtí, bó bá ní gẹ̀gẹ̀ tó ń mú àyà já, bó bá sì ń lo oògùn wárápá.

Ọ̀rọ̀ wá kan kápúsù. Kò sẹ́ni tó lè fi ojú mọ ohun tó wà nínú kápúsù tí kò ní orúkọ, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti yẹ irú oògùn ìrora bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n ti bá dexamethasone tàbí prednisolone nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Sitẹ́rọ́ìdì ni méjèèjì. Oògùn gidi ni wọ́n lọ́wọ́ dókítà, ẹ̀mí ni wọ́n ń gbà là. Ìrora tí wọ́n ń yára mú kúrò ló jẹ́ kí àwọn tó ń po kápúsù fẹ́ràn wọn. Òun náà ló jẹ́ kí Màmá sọ pé òun ló ń gbé òun dìde. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pa àwọn tó ń mọ eegun, wọn kì í jẹ́ kí ìfun gba calcium dáadáa, wọ́n sì ń jẹ́ kí kíndìnrín máa tọ èyí tó wọlé dànù. Prednisolone mílígíráàmù 5 lójúmọ́ fún oṣù 3 ti tó láti ba eegun jẹ́, oṣù àkọ́kọ́ wọ̀nyí gan-an ló sì ń yára jù. Dexamethasone tilẹ̀ le ju ìyẹn lọ: mílígíráàmù 0.75 rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ prednisolone 5. Ẹ wo Màmá dáadáa. Bí ojú rẹ̀ bá ti rí rọ́bọ́tọ́ ju ti tẹ́lẹ̀, tí ikùn yọ ṣùgbọ́n tí apá àti ẹsẹ̀ ń tín-ín-rín, tí ibi tí nǹkan bá kàn díẹ̀ lára rẹ̀ ń dúdú, tí ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ó yẹ kí ẹ fura. Àwọn ará ọjà á máa kí i pé ara rẹ̀ yá, kò mọ̀ pé iṣan àti eegun ló ń fi san án.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba kápúsù náà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Ara tó ti ń rí sitẹ́rọ́ìdì gbà láti ìta fún oṣù mélòó kan ti dáwọ́ ṣíṣe tirẹ̀ dúró. Bí ẹ bá gé e lẹ́ẹ̀kan náà, èébì, òòyì àti dídákú lè bá a, ó sì lè la ẹ̀mí lọ. Ẹ gbé páálí tàbí ike rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà, òun ló mọ bó ṣe máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, tí á sì fún un ní oògùn orúnkún mìíràn. Ìpara ìbóra náà ń kó sitẹ́rọ́ìdì wọ ara, pàápàá èyí tí wọ́n kọ clobetasol sí lára. Bó bá ń lò ó, kó má fi pamọ́.

Síkáànì tí wọ́n ń pè ní DEXA ni àyẹ̀wò tó ń wọn bí eegun ṣe ki tó. Kò sí abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀. Èèyàn á kàn dùbúlẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15. Nọ́ńbà kan tó ń jẹ́ T-score ló ń mú jáde. Láti -1 lọ sókè, eegun dára. Láàárín -1 sí -2.5, ó ti ń fẹ́lẹ́. Bó bá jẹ́ -2.5 tàbí tó lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀, osteoporosis ni. Kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní ẹ̀rọ yìí, ó sì lè gba pé kí ẹ ti Ẹ̀pẹ́ wọ ìgboro Èkó. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ tó fowó wọkọ̀, ẹ bèèrè bóyá ti ìbàdí àti ẹ̀yìn ni wọ́n ń ṣe, torí ẹ̀rọ kékeré tó ń wo gìgísẹ̀ nìkan kò tó fi bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi X-ray lásán fi yín lọ́kàn balẹ̀. Eegun máa ń ti pàdánù tó ìdá 30 nínú 100 kó tó hàn níbẹ̀. X-ray ẹ̀yìn wúlò fún nǹkan mìíràn: bí Màmá bá ti kúrú tó sẹ̀ǹtímítà 4 sí ti ìgbà èwe rẹ̀, tàbí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń tẹ̀, ó lè jẹ́ pé eegun ẹ̀yìn kan ti wó láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀. Bí owó DEXA kò bá sí, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé kí ẹ káwọ́ gbera. Dókítà lè fi ọjọ́ orí rẹ̀, eegun tó ti kán, ọdún tí nǹkan oṣù dúró àti sitẹ́rọ́ìdì ṣírò ewu tó wà níwájú, kó sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Mi ò lè ti inú lẹ́tà sọ pé osteoporosis ni, nítorí náà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: calcium, kíndìnrín, fítámì D, gẹ̀gẹ̀. Jẹjẹrẹ kan wà tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú mùdùnmúdùn eegun, tó ń jẹ́ kí eegun máa ṣẹ́ bákan náà. Bí ẹ̀yìn bá sì ń ro ó lóru, tó ń rù, tí ibà ń ṣe é nírọ̀lẹ́, ikọ́ ife lè wọ eegun ẹ̀yìn. Ìtọ́jú àwọn wọ̀nyí yàtọ̀ pátápátá.

Calcium fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Obìnrin tó ti lé ní 50 ọdún nílò nǹkan bí mílígíráàmù 1200 lójúmọ́, oúnjẹ ló sì dára jù kó ti wá. Gàrí, ògì àti ìrẹsì kò ní in tó bẹ́ẹ̀. Àǹfààní tí Màmá ní ni pé ẹja ló ń tà. Ẹran ara ẹja kò ní calcium púpọ̀, inú eegun ẹja ló wà. Ṣáwá tí wọ́n dín gbẹ, tí èèyàn rún jẹ torí-tìrù, wúlò ju gígé ẹja ńlá tí wọ́n yọ eegun rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwo lọ. Sàdíìnì agolo kan, tí ẹ bá jẹ eegun rírọ̀ inú rẹ̀, ń fúnni ní nǹkan bí 300. Mílíìkì oníyẹ̀fun tó jẹ́ mílíìkì gidi, bí ṣíbí ìjẹun 4, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ara páálí, torí àwọn kan tó funfun bíi mílíìkì kò ju òróró àti ṣúgà lọ. Ewédú, edé àti wàrà á kún un. Omi ọbẹ̀ ẹsẹ̀ màlúù dùn, àmọ́ calcium ibẹ̀ kéré; inú eegun tí ẹ sọ nù ló kù sí.

Tábúlẹ́ẹ̀tì wà fún ohun tí oúnjẹ kò bá kún, ibẹ̀ sì ni owó ti ń ṣòfò. Nọ́ńbà tó wà lára páálí kì í ṣe ìwọ̀n calcium. Calcium carbonate mílígíráàmù 1250 ló ní 500 calcium nínú. Tábúlẹ́ẹ̀tì calcium lactate mílígíráàmù 300 tó pọ̀ ní kẹ́mísíìtì, calcium inú rẹ̀ kò ju bí 40 lọ. Ẹni tó ń lo ẹyọ mẹ́ta lójúmọ́ rò pé òun ti ṣe gudugudu méje, kò tíì rí tó ti mílíìkì ife kan gbà. Kí Màmá má lo ju 500 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ìfun kò lè gba jù bẹ́ẹ̀ dáadáa. Kó lo carbonate pẹ̀lú oúnjẹ. Ó lè mú ìgbẹ́ gan díẹ̀. Ẹni tó bá ti ní òkúta kíndìnrín rí kò gbọ́dọ̀ dá a lò.

Fítámì D ló ń ṣílẹ̀kùn ìfun fún calcium, oòrùn ló sì ń fún wa jù. Ẹ̀ka (IU) 800 fítámì D lójúmọ́ tó fún ọjọ́ orí Màmá bó bá jẹ́ pé abẹ́ agboòrùn ló ń wà látàárọ̀ tàbí tó máa ń bo ara pátá. Ìwọ̀n gàgàrà tí wọ́n ń fúnni lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò dára. Ìwádìí ti fi hàn pé ó lè mú kí ìṣubú pọ̀ sí i. Ní ilẹ̀ wa níbí, àìtó calcium ló ń dáni lóró jù. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wọ́ ní Jos, tó jáde ní 1999, fi hàn pé calcium wò wọ́n sàn ju fítámì D nìkan lọ. Oòrùn kò wọ́n wọn, oúnjẹ ni kò ní calcium.

Bí àyẹ̀wò bá wá sọ pé osteoporosis ni, calcium kò ní dí ihò tó ti ṣí. Oògùn tó ń dá àwọn tó ń fọ́ eegun lẹ́kun ló máa ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ni alendronate, tábúlẹ́ẹ̀tì mílígíráàmù 70, ẹyọ kan lọ́sẹ̀. Ó lè dín ewu kí eegun ẹ̀yìn àti ìbàdí kán kù tó ìdajì, kò ní sọ eegun di ti ọmọ ogún ọdún. Bí èèyàn ṣe ń lò ó ló le. Bí Màmá bá jí, kó tó fẹnu kan nǹkankan, kó fi omi lásán ife kíkún gbé e mì, kì í ṣe tíì, kì í ṣe mílíìkì. Fún ìṣẹ́jú 30 kó má jẹun, kó má dùbúlẹ̀, kó má tẹ̀ ba, torí bí oògùn yẹn bá padà sí ọ̀nà ọ̀fun, ó ń bó o. Bó bá ń kírun Àsùbá, kó kírun tán ná kó tó lò ó, kí ìforíkanlẹ̀ má bàa dà á padà. Kí calcium ọjọ́ náà dúró di ọ̀sán. Kí wọ́n ti yẹ kíndìnrín wò kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì yọ eyín tó bá jẹrà ṣáájú, torí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, eegun àgbọ̀n kì í jinná lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ eyín lára ẹni tó ń lò ó. Bí itan bá ń ro ó láìnídìí, kó sọ. Lẹ́yìn ọdún 5, wọ́n á tún un wò bóyá kó sinmi. Ẹni tí kò lè gbé e mì lè gba zoledronic acid, ìyẹn dírípù kan lọ́dún. Denosumab ni abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Bí ẹ kò bá ní owó èyí tó kàn nílẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí bí wọ́n bá dá a dúró láìfi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀, eegun ẹ̀yìn lè wó tẹ̀ léra.

Kí Màmá má jókòó sílé. Eegun tí a kò lò ń yára fẹ́lẹ́, ìjókòó á sì tún gba agbára ẹsẹ̀ tó fi ń dúró. Kó padà sọ́jà bí ọwọ́ bá ti jinná, ṣùgbọ́n kí ètò rẹ̀ yí padà. Kó má tẹ̀ ba gbé bééṣìnì ẹja láti ilẹ̀: bí èèyàn bá tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ẹrù, iwájú eegun ẹ̀yìn ni gbogbo rẹ̀ ń já lé, ibẹ̀ ló ti ń wó. Ẹ gbé ẹja sórí tábìlì tó ga dé ìgbáròkó, kí ọmọ tó ń ràn án lọ́wọ́ máa pín ẹrù sí méjì. Ẹ so igi gígùn mọ́ ìgbálẹ̀ rẹ̀. Kó bọ́ sálúbàtà tó bá ti jẹ pẹlẹbẹ, kó wọ bàtà rọ́bà tó ní eyín nísàlẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ọṣẹ fọ ìpẹ́ àti ọ̀rá ẹja kúrò ní ẹsẹ̀ ìsọ̀, torí omi nìkan kì í ká a. Nílé, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà tó bá fẹ́ tọ̀ lóru, ẹ kan irin ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀. Bó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó jókòó fún ìṣẹ́jú kan kó tó dìde. Láàárọ̀ àti lálẹ́, kó dìde lórí àga nígbà 10 láìfi ọwọ́ tì í, kó sì di tábìlì mú, kó máa gbé gìgísẹ̀ sókè nígbà 10. Kó máa rìn fún ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ bó tilẹ̀ le. Bí Màmá bá ṣubú lọ́jọ́ kan, tí kò lè dìde, tí ẹsẹ̀ kan kúrú, tí ìka ẹsẹ̀ náà sì kọjú síta, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Mi ò bú wọn, ọ̀pọ̀ eegun apá ọ̀dọ́ ti jinná lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọrùn eegun itan àgbàlagbà kì í fi igi àti ewé jọ. Iṣẹ́ abẹ ló ń tò ó, ó sì dára kó wáyé láàárín wákàtí 48. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ dè é fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, egbò ìdí, ẹ̀jẹ̀ dídì àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró ló ń wá ká a mọ́bẹ̀. Kódà níbi tí ìtọ́jú ti péye, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni kì í lo ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tú POP, ẹ mú kápúsù yẹn dání, ẹ kọ 44 náà sórí ìwé, ẹ wọn gíga Màmá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn láìwọ bàtà. Bí dókítà bá yẹ ọwọ́ wò tán, tó ní ó ti jinná, ẹ má tíì dìde lórí àga. Ẹ bi í pé kí ni wọ́n máa ṣe sí eegun tó kù.